Ọkọ̀ Tí A Fẹ́rẹ̀ẹ́ Tà Ní Irin Àlòkù
Ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ẹ̀ka wa rán lọ sí Ẹnúgu sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní Jọ́ọ̀sì

Àwa mẹ́ta tí ẹ rán níṣẹ́ lọ sí Ẹnúgu ti dé. Ọlọ́run tí ó kó wa lọ ti kó wa bọ̀. Ẹsẹ̀ kankan kò ṣẹ́, ẹrù kankan kò sọnù. Akọ̀wé ní kí a má ṣe fi ẹnu lásán jíṣẹ́, pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn ará wa ní àwọn ẹ̀ka mìíràn káàkiri Òkè Ọya lè rí i kà. Ìdí nìyí tí a fi mú ìwé lọ́wọ́.

Apá méjì ni iṣẹ́ tí a fẹ́ jẹ́ ní. Apá kìíní jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí kò fẹ́ tan. Apá kejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu tí àwa fúnra wa sọ nígbà tí ọkọ̀ náà kò tan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ èkíní, nítorí inú rẹ̀ ni ìtumọ̀ èkejì wà.

Gbogbo yín lẹ mọ olóògbé ẹ̀gbọ́n wa tí ó fi ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ ní ohun tí ó lé díẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn. A kò ní í dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti bá a jókòó ní ìpàdé yìí rí kò lè gbàgbé ẹ̀rín rẹ̀. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Jọ́ọ̀sì, ó ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ẹnúgu. Ìlú èédú ni Ẹnúgu. Ní 1909 ni wọ́n rí èédú níbẹ̀, ní 1915 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, nígbà tí ó sì di 1916 ọkọ̀ ojú irin ti ń kó o lọ sí Port Harcourt. Ojú irin yẹn náà ni wọ́n fà gba Mákúrdí kọjá sí Kafanchan, tí ẹ̀ka rẹ̀ kan sì yà wá sí Jọ́ọ̀sì níbí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilẹ̀ àjèjì pátápátá ni Ẹnúgu jẹ́ sí wa. Ojú irin kan náà ni ó so ìlú méjèèjì pọ̀.

Nígbà tí olóògbé ń kàwé ní Jámánì, ó ra ọkọ̀ kan tí ó fẹ́ràn bí ẹyin ojú. Ọkọ̀ asáré ni, Porsche 944 Turbo ti ọdún 1986. Ó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sílé. Nígbà tí iṣẹ́ gbé e wá sí Jọ́ọ̀sì, ó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ sábẹ́ páànù ní àgbàlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní àdúgbò Uwani ní Ẹnúgu. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ó máa ń lọ tan án, tí yóò fọ̀ ọ́, tí yóò sì bò ó padà. Láti ìgbà tí ó ti kú, ẹnì kan kò fọwọ́ kàn án.

Ìyàwó olóògbé wá bá ẹgbẹ́. Ó ní àbíkẹ́yìn òun wà ní ọdún tí ó kẹ́yìn ní yunifásítì, owó ilé-ìwé kò sì sí. Ó ní bí ẹgbẹ́ bá lè bá òun gbé ọkọ̀ náà jáde kí òun tà á, ọmọ náà yóò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó gbé wa dé Ẹnúgu.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ohun tí à ń pè ní tọ́bò, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ nàka sí. Ẹ́ńjìnì ń mí bí ènìyàn. Ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ó ń po ó mọ́ epo, iná ń ràn án, èéfín sì ń gba ẹ̀yìn jáde. Èéfín tí ó ń jáde yẹn ní agbára púpọ̀ tí ó kàn ń ṣòfò. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tí a ń pè ní Alfred Büchi ni ó gba ìwé àṣẹ ní 1905 lórí ọgbọ́n pé kí èéfín yẹn máa yí àgbá kékeré kan, kí àgbá kejì tí ó wà lórí ọ̀pá kan náà sì máa fi ipá ti afẹ́fẹ́ tuntun sínú ẹ́ńjìnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, epo tí a lè sun á pọ̀, agbára á sì pọ̀. Àgbá kékeré yìí lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá tí ń kó iṣu àti tòmátì kọjá lójú títì wa ní in. Nínú ọkọ̀ asáré, Porsche gbé 911 Turbo wọ ọjà ní 1975, wọ́n sì gbé 944 Turbo jáde ní 1985. Ẹ́ńjìnì olóògbé kò ju ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán lọ ní títóbi, sìlíńdà mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n tọ́bò mú kí ó ní agbára ẹṣin 220.

Ẹ wá kíyèsí ohun kan. Èéfín ni ó ń yí tọ́bò. Bí ẹ́ńjìnì kò bá tíì tan, níbo ni èéfín yóò ti wá? Ọkọ̀ tí tọ́bò rẹ̀ bàjẹ́ yóò máa tú èéfín búlúù, yóò máa jẹ epo ẹ́ńjìnì, kò ní í lágbára lórí òkè, yóò máa súfèé. Ṣùgbọ́n yóò tan. Bí a bá gbọ́ tí mẹkáníìkì kan sọ pé tọ́bò ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ tan, kí a rọra bi í ní ìbéèrè míràn kí a tó yọ owó lápò.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tí ó kọjá ni a kọ́kọ́ lọ. Méjì nínú àwa mẹ́ta tí ó dúró níwájú yín yìí wà nínú ìrìnàjò náà, kí a má parọ́. A débẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, a sì fẹ́ padà ní ọjọ́ Àìkú. A yí kọ́kọ́rọ́, kò dún. A yá bátìrì lọ́wọ́ oníbátìrì, ẹ́ńjìnì yí, kò tan. Ìkánjú mú wa. A tú wáyà síhìn-ín, a tú u sọ́hùn-ún, a fẹ́ eruku, a dá wọn padà. Kò tan. Àwa ará ìlú òkèèrè, iná ojú ń jó wa. Ẹnì kan ní tọ́bò ni. Ẹnì kejì ní kí a pe oníwáyà. Oníwáyà dé, ó wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní ọpọlọ ọkọ̀ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní brénbọ́ọ̀sì, kò sí lára rẹ̀ mọ́, pé ẹnì kan ti jí ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ti fi òkú rọ́pò rẹ̀.

Ta ni ó ń gbé inú àgbàlá náà? Bàbá olùṣọ́ kan ni, ọmọ Igbo, ẹni tí yóò ti tó 70 ọdún. A bi í ní ìbéèrè, ó ní òun kò mọ ohunkóhun. Àwa náà ti gba ọ̀rọ̀ oníwáyà gbọ́. A padà wá sí Jọ́ọ̀sì, a jíṣẹ́ fún yín níhìn-ín, gbogbo wa bínú. Ìwé tí ẹgbẹ́ kọ sí onílé ní Uwani, ẹ rántí rẹ̀. A kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé olùṣọ́ mọ̀ nípa olè náà. Onílé dá iṣẹ́ bàbá náà dúró láìsan owó oṣù. Àwa níhìn-ín dá owó jọ, ₦350,000, pé kí a fi wá brénbọ́ọ̀sì tòkunbọ̀. Ní àkókò kan náà, oníirin àlòkù kan ránṣẹ́ sí ìyàwó olóògbé pé òun ṣetán láti ra ọkọ̀ náà ní kíló. Ìyá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Bàbá Alága ni ó ní kí a dúró. Ó ní bí a bá fẹ́ ra ọpọlọ tuntun fún ọkọ̀, kí á kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé ti àtijọ́ ti kú. Ó fi ẹni kẹta kún wa, àgbà mẹkáníìkì wa, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní Kàdúná ní ilé iṣẹ́ Peugeot tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní 1975. Ní oṣù kejì ọdún yìí a tún gbéra. A gba Làfíà, a gba Mákúrdí, a gba Òtúkpó, a já sí Obollo-Afor, a dé 9th Mile nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, a sì rọra yí sọ̀kalẹ̀ ní òkè Milliken wọ inú ìlú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mẹkáníìkì wa kò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà fún bí ìdajì wákàtí. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wò ó. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun mẹ́rin péré ni ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù ń béèrè: afẹ́fẹ́, epo, iná, àti kí gbogbo wọn pàdé ní àsìkò wọn. A óò bi í léèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kò ní í ra ohunkóhun, a kò sì ní í fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, títí yóò fi dá wa lóhùn."

Bátìrì ni a kọ́kọ́ bi. Bátìrì tí ó yó, tí ó sì sinmi, yóò fi bí 12.6 hàn lórí mítà. Nígbà tí sítátà bá ń yí, kí ó má ṣubú sísàlẹ̀ 9.6. Ti tuntun tí a rà dára. Ṣùgbọ́n wáyà dúdú tí ó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ ti dípẹtà. A fi ìwé ìha ha á títí ó fi dán. Sítátà wá ń yí kíákíá, kò ráhùn mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni bẹ́líìtì. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì lórí ọkọ̀ 944, nítorí bí bẹ́líìtì tí ó ń yí òkè ẹ́ńjìnì bá já, fáàfù àti písítìnì yóò pàdé, fáàfù yóò tẹ̀. Ẹni tí ó bá ń yí kọ́kọ́rọ́ ṣáá lórí bẹ́líìtì tí ó já ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹ́ńjìnì jẹ́ ni. A bẹ́líìtì wò pẹ̀lú ojú, kò sán, eyín rẹ̀ pé. A ṣí ìdérí ibi tí ó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, a rí i pé apá kékeré inú rẹ̀ ń yí. Òkè ẹ́ńjìnì ni ó ń yí apá náà. Bí ó bá ń yí, bẹ́líìtì kò já.

Ó kan epo. A tú epo inú táǹkì jáde. Ẹ̀yin ará, ó ti pọ́n bí omi àgbo, ó ń rùn bí fánísì. Epo bẹntiróòlù kì í ṣe ọtí tí ó ń dára sí i bí ó bá ti ń pẹ́. Láàárín oṣù mélòó kan ni ó ti ń kú. A dà á sọ́tọ̀, a fi tuntun sí i, a pààrọ̀ fílítà. A yí kọ́kọ́rọ́, a fetí sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ pa mọ́ fọ́ńpù epo lẹ́nu. Kò kùn rárá.

Ó wá kan iná. A yọ púlọ́ọ̀gì kan, a fi í kan irin, a yí kọ́kọ́rọ́. Iná kò ṣẹ́. Bàbá mẹkáníìkì wa tún ní kí a wo aago tí ó ń ka yíyí ẹ́ńjìnì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ó ní bí ara ọkọ̀ yìí bá yá, abẹ́rẹ́ aago náà yóò máa fò díẹ̀díẹ̀ bí sítátà bá ti ń yí. Abẹ́rẹ́ náà sùn gbalaja.

Àwa tí a ti lọ tẹ́lẹ̀ tún kígbe pé, "Ẹ ò rí i! Brénbọ́ọ̀sì ni!" Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ọmọ méjì nínú ilé kan bá kọ oúnjẹ ní ọjọ́ kan náà, kí a má tíì gbé wọn lọ sí ọsibítù, kí a kọ́kọ́ wo ìkòkò tí wọ́n jọ ń jẹ nínú rẹ̀. Fọ́ńpù kò ṣiṣẹ́, iná kò ṣẹ́. Kí ni àwọn méjèèjì jọ ń jẹ? Ohun mẹ́ta ni. Èkíní ni rílè kan tí ó ń pín iná fún ọpọlọ ọkọ̀ àti fún fọ́ńpù. Èkejì ni ọpọlọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni sẹ́ńsọ̀ méjì tí ó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, tí wọ́n ń ṣọ́ àgbá irin ńlá tí ó ń yí níbẹ̀. Ọ̀kan ń ka eyín àgbá náà láti mọ bí ó ṣe ń yára tó. Ìkejì ń wo àmì kan ṣoṣo tí ó ń kọjá lẹ́ẹ̀kan ní yíyí kọ̀ọ̀kan, láti mọ ibi tí písítìnì wà. Bí àwọn méjì yìí kò bá sọ̀rọ̀, ọpọlọ kò ní í mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ń yí. Kò ní í rán iná, kò sì ní í pe epo. Ọpọlọ tí ó yè, tí kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, ìrísí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti òkú.

Rílè ni ó rọrùn jù, òun náà ni ó sì máa ń bàjẹ́ jù lórí irú ọkọ̀ yìí, nítorí òjé inú rẹ̀ ń sán bí ó bá dàgbà. A mú un lọ sí Coal Camp, níbi tí àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ pọ̀ sí bí eèrà. Ọkùnrin kan níbẹ̀, tí ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ ANAMMCO ní Emene níbi tí wọ́n ti máa ń to ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes tẹ́lẹ̀, ṣí i, ó fi awò wo inú rẹ̀, ó ní òjé rẹ̀ kò sán. Ó bá wa fi wáyà kékeré so ẹnu ibi tí rílè ń wọ̀, fọ́ńpù epo sì kùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yè, àṣẹ ni ó ń dúró dè. Ọkùnrin náà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ó ní àwọn ará Jọ́ọ̀sì tọ́jú àbúrò òun rí.

A wo ọpọlọ ọkọ̀. Eruku ọdún púpọ̀ ti dì mọ́ orí ìdè rẹ̀, ìpẹtà sì ti bo ojú sùkúrúù rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìsí àpá irinṣẹ́ kankan. Ojú wa ń wò ara wa. Olè wo ni ó jí nǹkan, tí ó sì dá eruku ọdún mẹ́wàá padà sórí rẹ̀?

Ó ku sẹ́ńsọ̀. A wọn wọ́n ní mítà, méjèèjì bọ́ sí àárín 600 sí 1,600 tí a ń wá. Sẹ́ńsọ̀ yè. Rílè yè. Fọ́ńpù yè. Síbẹ̀ abẹ́rẹ́ aago kò mira. Oòrùn ti dé àtàrí. Bàbá mẹkáníìkì wa fúnra rẹ̀ jókòó, ó dákẹ́.

Nígbà náà ni bàbá olùṣọ́ wọlé. Onílé ni ó ránṣẹ́ pè é pé kí ó wá ṣí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn fún wa, nítorí òun ni ó mọ bí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣe ń yí. Kò kí wa dáadáa, a kò sì lè dá a lẹ́bi. Ó dúró ní ọ̀kánkán, ó ń wò wá. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì bi wá pé, "Òwú pupa tí Ọ̀gá so dà?"

A ní òwú wo? Ó súnmọ́ ọkọ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó nàka sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, níbi tí ẹnu wáyà àwọn sẹ́ńsọ̀ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹnu méjèèjì jọra bí ìbejì. Kò sí ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a bá fi ti èkíní sínú ti èkejì, yóò wọ̀ láìráhùn. Bàbá náà ní nígbà tí olóògbé pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ kan, òun ni òun di tọ́ọ̀ṣì mú fún un. Olóògbé so òwú pupa mọ́ ẹnu wáyà kan, ó sì so pupa mọ́ èkejì rẹ̀ tí ó bá a lọ, ó wí fún òun pé pupa gbọ́dọ̀ pàdé pupa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ kò ní í tan láé.

A nu epo àti eruku kúrò. Òwú pupa wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì. Pupa kò pàdé pupa.

Ta ni ó tú wọn tí ó sì dá wọn padà ní òdìkejì? Ọwọ́ wa ni. Ní oṣù kọkànlá, nínú ìkánjú wa, àwa méjì tí a dúró níwájú yín yìí ni a tú wọn láìsàmì. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, àìsàn ọkọ̀ náà kò ju bátìrì òkú, wáyà tí ó dípẹtà àti epo tí ó ti kú lọ. Ohun tí ó fi oṣù mẹ́ta dì í mọ́lẹ̀, àwa ni a fi sí i lára. Lẹ́yìn náà ni a wá kọ ìwé sí onílé pé olè wà nínú ilé rẹ̀.

A fi pupa sínú pupa. A yí kọ́kọ́rọ́. Abẹ́rẹ́ aago fò, fọ́ńpù kùn, ọkọ̀ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó tú èéfín funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun sóde, ó sì tan. Kò sí ẹni tí ó pariwo ayọ̀. Bàbá olùṣọ́ nìkan ni ó rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ pa orí ọkọ̀ náà bí ẹni rí ọmọ rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí a ṣe, kí ẹ sì dá wa lẹ́bi bí a bá ṣì í ṣe. A pe onílé jáde. Lójú rẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ̀bálẹ̀ fún bàbá olùṣọ́. Kò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí, ó fẹ́ sá, ó rò pé a wá ohun kan nílẹ̀. Nígbà tí onílé ṣàlàyé fún un ní èdè wọn pé bí àwọn Yorùbá ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àgbà nìyẹn, omi lé sí i lójú. Ó ní kí a dìde. Ó ní ohun tí ó dun òun jù kọ́ ni owó oṣù. Ó ní ọmọ òun kan gbọ́ ní ojú ọ̀nà pé olè ni bàbá òun, ọmọ náà kò sì bi òun léèrè bóyá òótọ́ ni. Ó kàn dákẹ́.

Ẹ̀yin ará, gbólóhùn yẹn ni a gbé wá láti Ẹnúgu, ó wúwo ju ẹrù ọkọ̀ lọ.

Nínú ₦350,000 tí ẹ dá, a san owó oṣù mẹ́ta tí bàbá náà pàdánù, gẹ́gẹ́ bí onílé ti sọ iye rẹ̀ fún wa. Onílé gbà á padà síṣẹ́ lójú wa. A kọ ìwé míràn pẹ̀lú ọwọ́ wa, a fọwọ́ sí i, a ní irọ́ ni ìwé àkọ́kọ́, a sì fún bàbá náà ní ẹ̀dà kan kí ó fi han ọmọ rẹ̀. Owó tí ó kù wà lọ́wọ́ Akápò, ìwé ìṣirò wà lórí tábìlì. A gbé obì kalẹ̀. Bàbá náà ní òun ni yóò gbàdúrà sí i, nítorí obì kì í gbọ́ èdè míràn ju Igbo lọ. Bàbá mẹkáníìkì wa ní ti àwa, Yorùbá ni ó ń gbọ́. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n gbàdúrà ní èdè méjèèjì, a sì jẹ obì náà.

Ní ti ọkọ̀, a jẹ́ kí ó jó fúnra rẹ̀ títí ó fi gbóná kí a tó wà á. Ọkọ̀ oní-tọ́bò kò fẹ́ kí a fi agídí tẹ̀ ẹ́ nígbà tí epo ẹ́ńjìnì kò tíì gbóná, kò sì fẹ́ kí a pa á lójijì lẹ́yìn eré, nítorí epo yẹn ni ó ń tu àgbá tọ́bò lára. A pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnì náà. Ní ọjọ́ kẹta, ẹnì kan tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ wá wò ó, ó fetí sí i, ó sì san owó tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí oníirin àlòkù fẹ́ san. Ìyàwó olóògbé ti gba owó rẹ̀. Ọmọ náà ti san owó ilé-ìwé. Ìyá náà wà láàárín wa níhìn-ín, ẹ lè bi í.

Kí ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ ilé? Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, pàápàá ọkọ̀ tòkunbọ̀, ẹ bi ọkọ̀ yín léèrè ní ẹsẹẹsẹ: bátìrì àti wáyà rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, bẹ́líìtì, epo, iná, lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n jọ ń jẹ. Ohun tí ó rọrùn, tí kò náni lówó, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kí ẹ tó tú wáyà kan, ẹ so òwú mọ́ ọn, tàbí kí ẹ fi fóònù yà á ní fọ́tò, nígbà tí ó ti jẹ́ pé fóònù wà lápò gbogbo wa. Ẹ má ra ẹ̀yà tuntun títí ti àtijọ́ yóò fi jẹ́wọ́ pé òun ti kú.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu wa, àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀rí oníwáyà kan, tí kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ni a fi dá bàbá arúgbó lẹ́jọ́. Àwa tí a ń gbé ní ìlú onílùú yẹ kí a mọ̀ ju gbogbo ènìyàn lọ bí ó ti ń rí. Mélòó nínú wa níhìn-ín ni kò tíì gbọ́ ọ rí pé, "Àlejò wọ̀nyẹn ni"? Nígbà tí nǹkan bá sọnù ní ọjà, ta ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò? Ohun tí ó ń dùn wá ní Òkè Ọya ni àwa náà gbé lọ ṣe fún ẹlòmíràn ní Ẹnúgu.

Nítorí náà, àwa mẹ́ta bẹ ẹgbẹ́ pé kí a fi sínú òfin ẹ̀ka wa láti òní lọ: ìwé ẹ̀sùn kankan kò gbọdọ̀ jáde pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ yìí láìjẹ́ pé a gbọ́ tẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn, tí ẹni méjì tí ó mọ iṣẹ́ náà sì ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìtìjú ìwé yẹn bá ní ẹni tí yóò rù ú, kí ó wà lórí àwa méjì tí a kọ́kọ́ lọ. Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé.

Alága, a ti jíṣẹ́. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Kí ó jẹ́ kí àjò dùn, kí onílé sì relé. Àṣẹ.